Àṣírí Ẹni Kì Í Ṣe Owó Àwìn

Láyé àtijọ́, àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà tí à ń pè ní Òṣómàáló a máa kiri aṣọ láti ìlú dé ìlú, wọn a sì tà á láwìn. Bí ọjọ́ owó bá pé, wọn a lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, wọn kò ní dìde àfi bí owó bá tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́.

Òṣòó mìíràn ṣì ń bẹ ní Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà, àgàgà lásìkò Kérésìmesì tí àwọn ọmọ ìlú ń wálé. A kò tíì kí ọ̀dọ́bìnrin kú ọ̀nà tán tí wọn yóò fi bèèrè pé, "Ìgbà wo la máa wá jẹ ìrẹsì?" Bó bá ti lọ́kọ, ikùn rẹ̀ ni wọn yóò máa wò: "A ò tíì gbọ́ nǹkan kan o." Wọn kò mọ̀ bóyá oyún bàjẹ́ lára rẹ̀ lóṣù tó kọjá.

Wọ́n ní ìfẹ́ ni. Bẹ́ẹ̀ Yorùbá kan náà ló ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Kí ló wá dé tí a fi ń ka ọdún fún ẹni tó ń wá ọmọ?

Ọmọlúàbí lè dáhùn láìṣàfojúdi: "Ẹ ṣé mà, àdúrà yín la ń fẹ́. Kòkó yín ńkọ́ lọ́dún yìí?" Ọ̀rọ̀ yí padà, ọ̀wọ̀ kò sì bàjẹ́.

Ṣùgbọ́n olùbéèrè ló ni ẹ̀kọ́ tó kù. Òṣómàáló kì í lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ẹni tí kò rajà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí kò bá ni gbẹ́rù rí, kí ló fẹ́ gbà?