Èbúté Èkó

Ìkòtún ni mo ń gbé, ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́. Òkun kò dé ọ̀dọ̀ wa, ṣùgbọ́n bí o bá wọ ọjà wa, tí o wo ìrẹsì, ẹja dídì àti ẹ̀yà ara mọ́tò tí wọ́n pàtẹ, o ó mọ̀ pé èbúté ni ó ń bọ́ wa. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí Ọlọ́run ṣe dá èbúté náà nìyẹn.

Rárá o. Ọ̀sà Èkó gbòòrò, ó sì tòrò, ṣùgbọ́n ẹnu ibi tí ó ti pàdé òkun kò jìn tó. Láti ìwọ̀-oòrùn ni ìgbì ti ń wọ́ iyanrìn wá dí ẹnu náà. Ọkọ̀ ńlá tí ó bá gbójú wọlé lè fìdí sọlẹ̀, kí ìgbì sì fọ́ ọ. Bí ó ti rí nìyẹn nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní 1861. Ní ọdún púpọ̀ lẹ́yìn náà, ọkọ̀ ńlá a máa já ẹrù Èkó sí Forcados, kí ọkọ̀ kékeré tó gbé e padà wá. Ìwọ rò ó wò: ẹrù Èkó kọ́kọ́ ń kọjá Èkó lọ!

Ní 1908 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fi rélùwéè kó òkúta láti ẹ̀bá Abẹ́òkúta, tí wọ́n ń dà á sínú òkun bí apá gígùn, kí omi lè máa sáré gbá iyanrìn kúrò. Nígbà tí yóò fi di 1914, ọkọ̀ òkun ti ń wọlé. Wọ́ọ̀fù Àpápá ṣí ní 1926, ti Tin Can ní 1977.

Ṣùgbọ́n iyanrìn tí apá òkúta dá dúró yẹn, ibo ni ó ń lọ tẹ́lẹ̀? Etíkun Victoria Island ni. Nígbà tí kò dé ibẹ̀ mọ́, òkun bẹ̀rẹ̀ sí jẹ Bar Beach. Lẹ́bàá apá ti ìlà-oòrùn, etíkun fà sẹ́yìn tó nǹkan bí kìlómítà kan, bẹ́ẹ̀ ni ti ìwọ̀-oòrùn ń gùn sí i. Ìjọba da iyanrìn sí i títí, omi ń kó o lọ. Orí ibi tí òkun jẹ yìí ni wọ́n ń kọ́ Eko Atlantic lé, pẹ̀lú odi òkúta.

Ní Lẹ́kkí, níbi tí èbúté tuntun ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2023, wọ́n tún ti ti òkúta bọ òkun. Bí o bá ní ará tí ó ń pẹja ní ìlà-oòrùn ibẹ̀, bi í léèrè bí etíkun wọn ti rí.