Ìtura lẹ́bàá Ọ̀ṣun

Bí ọ̀rọ̀ owó àti ariwo bá ti mú orí mi gbóná ní Iléṣà, mọ́tò Òṣogbo ni mo máa ń wọ̀.

Igbó Ọ̀ṣun, tí UNESCO kà mọ́ ogún àgbáyé lọ́dún 2005, ò jìnnà sáàrin ìlú. Kéèyàn ṣáà ti wọ abẹ́ igi, ara á ti máa tù ú. Mo máa ń pa fóònù, màá jókòó, màá mí díẹ̀díẹ̀, màá sì bá orí mi sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ẹni tí ò lè wá, kó fi omi tútù tu orí ẹ̀ láàárọ̀ nílé.

Tẹ́lẹ̀, a máa ń bu omi odò náà mu. Ní báyìí, ó ti pọ́n bí ẹrẹ̀, torí àwọn tó ń wa góòlù nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà wa níbí. Lọ́dún 2022, nígbà ọdún Ọ̀ṣun, ìjọba ìpínlẹ̀ kìlọ̀ pé ká má mu ún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mu ún. Ẹni tó bá sì nílẹ̀ létí odò, kó má fún awakùsà. Ìyá tí ara ò rọ̀, báwo la ṣe fẹ́ gba ìtura lọ́wọ́ ẹ̀?

Oore yèyé Ọ̀ṣun!