Ìwé Àmì Ọmọ Mi

Nígbà tí ọmọbìnrin mi yege ìdánwò báákì, ó gba 12 nínú 20. Ẹni tí ó bá gba 10 ti yege. Ó ní dókítà ni òun fẹ́ ṣe. Kútọnu àti Parakú ni ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn ìjọba wà. Mo fẹ́ ta oko ọ̀pẹ mi láti fi gba ilé fún un.

Olùkọ́ tí ó ń kọ́ àwa àgbà ní ìwé sọ pé: "Ìyá, ẹ mú ìwé àmì rẹ̀ wá ná." Èmi fúnra mi kà á. Èdè Faransé àti ìtàn ni ó gbé 12 yẹn sókè. Ìṣirò jẹ́ 9. Àyè ìṣègùn kò pọ̀. Àwọn tí àmì wọn ga jù nínú ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì ni wọ́n ń mú.

Mo sọ fún ọmọ mi. Ó sunkún. Lẹ́yìn náà, ó kọ ìṣègùn ṣáájú, ó kọ èdè Faransé tẹ̀ lé e. Èkejì ni wọ́n fún un, ní Abomey-Calavi.

Ẹ̀yin òbí, yíyege yàtọ̀ sí rírí àyè. Ẹ ka àmì ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan. N kò ta oko mi. Epo rẹ̀ ni a fi ń ra ìwé fún un.