Mo Fi Òróró Pa Lẹ́tà Tí N Kò Ṣí

Ẹ̀rí tí mo fẹ́ jẹ́ yìí kì í ṣe irú èyí tí ìjọ máa ń pàtẹ́wọ́ fún láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ máa kọ́kọ́ fi mí rẹ́rìn-ín ná. N kò ní bínú, èmi náà ti fi ara mi rẹ́rìn-ín títí ó fi sú mi.

Peckham ni mò ń gbé, ní gúúsù London, iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó sì ni mò ń ṣe. Ní ìparí ọdún kan, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Manchester pín lééṣì fún wa, aṣọ ẹbí ọjọ́ìbí àádọ́ta ọdún rẹ̀ tó ń bọ̀ lóṣù Kẹfà. Ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe. Mo ní kí télọ̀ rán aṣọ náà sí ara tí mo máa ní lóṣù Kẹfà, kó má rán an sí ara tí mo gbé wá bá a. Ọmọ náà wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Mọ́mì, ṣé ó dá yín lójú?" Mo ní kó lọ rán an, ìgbàgbọ́ ni. Ìgbéraga lásán ni mò ń pè ní ìgbàgbọ́.

Bí ọdún tuntun ṣe wọlé báyìí, ó di inú jíìmù kan lẹ́bàá Old Kent Road. Ọmọkùnrin tó gbà mí lálejò lẹ́nu dídùn. Ó mú mi yí ká, ó fi ẹ̀rọ tí wọ́n ń sáré lórí rẹ̀ hàn mí, ó ní kí oṣù mẹ́ta tó pé, àwọn ará ilé mi ò ní dá mi mọ̀ mọ́. £45 lóṣù, ọdún kan gbáko, direct debit ni yóò sì máa yọ ọ́ ní báńkì mi. Ó gbé ìwé àdéhùn síwájú mi, lẹ́tà inú rẹ̀ rí wínníwínní. Mo wá ibi tí wọ́n ní kí n tọwọ́ bọ̀, mo tọwọ́ bọ̀ ọ́. Èmi tí mo máa ń ná ata rodo ní Rye Lane títí ọlọ́jà á fi hanu, n kò lè bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo: bí n kò bá lè wá mọ́ ńkọ́?

Oṣù Kìíní ni mo fi jẹ́ ọmọ jíìmù. Nígbà tó fi máa di oṣù Kejì, òtútù àti iṣẹ́ òru ti gbà mí lọ́wọ́ wọn. Bí bọ́ọ̀sì bá ń gbé mi kọjá níwájú ibẹ̀, mo máa ń wo òdìkejì títì. Oṣù Kẹta ni mo ń ran bàbá arúgbó kan lọ́wọ́ láti dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, ni orúnkún mi bá ró kà! Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní n kò gbọdọ̀ sáré, n kò gbọdọ̀ gbé ohun tó wúwo. Ṣé ẹ mọ ohun tó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn? Ayọ̀ ni. Mo ti rí àwáwí.

Mo tiro lọ sí jíìmù. Ọmọbìnrin tó wà nídìí tábìlì ní àdéhùn ọdún kan ni, kò sí bí wọ́n ṣe lè tú u. N kò béèrè ọ̀gá rẹ̀, n kò ní kó fi ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí hàn mí. Mo padà sílé pẹ̀lú ìbínú. Lópin ọ̀sẹ̀ yẹn, mo rojọ́ náà níbi tí mo ti ń ṣe irun, obìnrin kan tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi sì dá ẹjọ́ náà kíá. "Àǹtí, ṣé ìyẹn náà lẹ fẹ́ bínú sí? Ẹ lọ sórí fóònù yín, ẹ pa direct debit yẹn rẹ́. Ó parí!" Mo pa á rẹ́ lórí ìjókòó, pẹ̀lú ọṣẹ lórí mi. Inú mi dùn débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọgbọ́n náà kọ́ ẹlòmíràn ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kí Ọlọ́run dárí ìyẹn jì mí.

Ohun tí n kò mọ̀ ni pé báńkì kò sí nínú àdéhùn tó wà láàárín èmi àti jíìmù. Ẹ̀tọ́ mi ni láti dá owó dúró ní báńkì nígbà tó bá wù mí, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí owó ń gbà jáde nìkan ni mo dí. Àdéhùn ṣì wà ní ìdúró, oṣooṣù ló sì ń bí gbèsè.

Lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Ti jíìmù ló kọ́kọ́ dé, lẹ́yìn náà ló di ti ilé iṣẹ́ kan tó ń bá wọn gba gbèsè. N kò ṣí wọn. Inú àpò Ghana-must-go kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni mò ń kó wọn sí. Bí ọ̀kan bá ti já bọ́ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, màá gbé ìgò òróró, màá ya àgbélébùú sórí rẹ̀, màá pàṣẹ pé kó padà sọ́dọ̀ ẹni tó rán an. Níbi ìṣọ́ òru, tí pásítọ̀ bá ní ká dárúkọ ẹni tó ń lépa ẹ̀mí wa, orúkọ ilé iṣẹ́ agbowó-gbèsè yẹn ni mò ń pariwo. Mo tún fura sí ìyá kan ní àdúgbò wa nílé, tí kò mọ ohun tó ń jẹ́ jíìmù rárá. Oṣù Kẹfà dé, lééṣì náà dúró sí ìdajì ẹ̀yìn mi, abẹ́ ìborùn ni mo fara pamọ́ sí títí wọ́n fi gé àkàrà òyìnbó.

Ẹ̀rù tó bà mí jù, láti kékeré ló ti wà lára mi. Màmá àgbà máa ń sọ fún wa nípa ológò ayé àtijọ́, ẹni tí olówó máa ń rán lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, tí yóò máa pariwo, tí yóò máa bú onílé, tí yóò pa adìyẹ tó bá rí jẹ, tí kò sì ní kúrò àfi tí wọ́n bá san owó. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ti kan ilẹ̀kùn mi, iná ni mo máa ń kọ́kọ́ pa.

Báyìí ni mo ṣe pa iná mọ́ olùgbàlà mi lójú ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù Kẹsàn-án. Mo gbọ́ ohùn láti ojú ihò lẹ́tà: "Ẹ̀gbọ́n, èmi ni o! Ẹ̀fọ́ rírò ni mo gbé wá, ó wúwo!" Àbúrò kan nínú ìjọ wa ni, ó gbọ́ pé orúnkún ń dà mí láàmú. Ọlọ́run tó rán ẹyẹ ìwò sí Èlíjà ló rán an, nítorí n kò mọ̀ rárá pé ọmọ náà máa ń fi ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ ní Citizens Advice, níbi tí wọ́n ti ń gba aráàlú nímọ̀ràn. Ó bi mí ìdí tí mo fi ń gbé inú òkùnkùn. Mo sunkún, mo fa àpò jáde. Ó mú lẹ́tà kan, ó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tí àwọn àpòòwé yín fi ń yọ̀?"

Ó tò wọ́n tẹ̀ léra, ó ń ṣí wọn. Ìkejì tó ṣí ni ó kà sókè fún mi. Oṣù Kẹrin ni jíìmù ti kọ ọ́. Wọ́n ní bó bá jẹ́ pé àìsàn tàbí ìfarapa ló dí mi lọ́wọ́, kí n fi ìwé dókítà ránṣẹ́ sí wọn, àwọn yóò tú àdéhùn náà. Ó tún wo ìwé àdéhùn fúnra rẹ̀: ohun kan náà wà níbẹ̀, lókè ibi tí mo tọwọ́ bọ̀ gan-an. Ohun tí mo ń wá lọ sí Sókótó wà lápò ṣòkòtò, èmi sì ti ta òróró sí ṣòkòtò náà.

Ó fara balẹ̀ là mí lóye. Ó ní ká ní orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti tọwọ́ bọ̀wé ni, ọjọ́ 14 ni òfin ìbá fún mi láti yí ọkàn padà. Ó ní agbowó-gbèsè tó ń kọ lẹ́tà kì í ṣe òṣìṣẹ́ ilé ẹjọ́, kò láṣẹ láti wọlé mi tàbí gbé ṣíbí kan. Ìwé tó bá ti ilé ẹjọ́ wá gan-an ni kò ṣeé fi sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì: ọjọ́ 14 ni wọ́n ń fúnni láti fèsì, ẹni tí kò bá fèsì, wọ́n lè dá a lẹ́bi lẹ́yìn rẹ̀, orúkọ rẹ̀ á sì wà nínú ìwé onígbèsè fún ọdún 6, àfi tó bá san gbogbo rẹ̀ láàárín oṣù kan. Ara mi gbọ̀n. N kò mọ̀ bóyá irú ìwé bẹ́ẹ̀ wà nínú àpò yẹn. Ọlọ́run ṣàánú, kò sí níbẹ̀.

Ó tún sọ fún mi nípa ẹjọ́ kan tí ilé ẹjọ́ gíga ní London dá ní 2011, tí Office of Fair Trading, àjọ tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà nígbà náà, pè tako Ashbourne Management Services, ilé iṣẹ́ tó ń bá àwọn jíìmù ṣe ìwé àdéhùn tó sì ń bá wọn gba owó. Adájọ́ Kitchin rí i pé gbogbo ayé ló mọ̀ pé ọ̀pọ̀ èèyàn á fi ìtara wọ jíìmù, tí wọn ò sì ní yọjú mọ́ lẹ́yìn oṣù méjì sí mẹ́ta, pé àdéhùn onígbà gígùn sì ń rẹ́ irú wọn jẹ. Adájọ́ náà kò pàdé mi rí, ó ti rò mí pin! Gbólóhùn inú àdéhùn tí wọ́n bá ti rí i pé kò tọ́, òfin Consumer Rights Act ti 2015 ní kò lè de oníbàárà. Ṣùgbọ́n àbúrò yìí ní ká má tíì bá ẹnikẹ́ni jà. Ká kọ́kọ́ ṣe ohun tí wọ́n ní ká ṣe.

Dókítà kọ ìwé, ó fi ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wá sí i. A kọ lẹ́tà, a fi ránṣẹ́ sí jíìmù àti agbowó-gbèsè, a gba ìwé ẹ̀rí ní ilé ìfìwéránṣẹ́. Owó tí wọ́n ń bèèrè nígbà yẹn ti lé ní £500. Èsì dé kí oṣù tó parí, mo sì ṣí i fúnra mi, lórí ìdúró. Wọ́n ti tú àdéhùn náà láti oṣù Kẹta, wọ́n fagi lé owó tí agbowó-gbèsè lé e lórí, oṣù kan ìfitónilétí ni wọ́n ní kí n san. £45. Mo san án lọ́jọ́ náà. Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú, mo lọ bá gbogbo àwọn tí mo kọ́ ní ọgbọ́n ìdí irun yẹn, mo bẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n gbàgbé rẹ̀.

Ẹ̀yin ará mi, ẹ jọ̀ọ́, bí lẹ́tà kan bá wà nílé yín tí ẹ ń sá fún, ẹ ṣí i kí ẹ tó sùn lálẹ́ òní. Bí ohun tó wà nínú rẹ̀ bá ju agbára yín lọ, ẹ gbé e lọ sí Citizens Advice. Wọn kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.