Ẹ́ńjìnnì Ìjàpá Tí Yóò Fò

Kò sí ará Forest Park tí kò mọ ariwo bàálù. Hartsfield-Jackson kò jìnnà sí wa rárá. Bóyá èyí ló mú kí ẹ̀gbọ́n wa kan, tí wọ́n ṣe mẹkáníìkì l'Ékòó, sọ pé àwọn yóò kan bàálù kékeré, ẹ́ńjìnnì Volkswagen Ìjàpá ni yóò sì máa gbé e. Ìjàpá ni wọ́n fi kọ́ṣẹ́, lẹ́yìn 1975 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó ní ọ̀nà Badagry.

Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ní 1929, Bernard Pietenpol fi ẹ́ńjìnnì Ford Model A fò nínú bàálù tó kàn fúnra rẹ̀. Ní 2007, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Kánò, Mubarak Muhammad Abdullahi, fi ẹ́ńjìnnì Honda Civic ṣe hẹlikópítà. Ti Ìjàpá tilẹ̀ dára sí i: afẹ́fẹ́ ló ń tù ú, kò sí rédíétọ̀ tí a ó gbé rù ú.

Kọmpíréṣàn ló dá ìjà sílẹ̀, ìyẹn ìlọ́po tí písítìn fi ń fún afẹ́fẹ́ àti epo pọ̀ kí iná tó ràn án. Nínú ẹ́ńjìnnì 1600, sílíńdà fẹ̀ ní mílímítà 85.5, písítìn ń rin mílímítà 69. 396 cc nìyẹn fún sílíńdà kan. Bí àyè tó kù lókè písítìn bá jẹ́ 66 cc, kọmpíréṣàn di 7. Bí ó bá jẹ́ 49.5, ó di 9.

Ẹni tó ta hẹ́ẹ̀dì fún wọn ní 7.5 ni. Àwa mẹ́ta tí a máa ń pé sí gáréèjì wọn ní Sátidé ní ká wọ̀n ọ́n. Ìyàwó wọn, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, fún wa ní sírínjì. A fi kẹrosíìnì kún ihò hẹ́ẹ̀dì: 48 cc. Àlàfo tó wà lókè písítìn jẹ́ mílímítà kan, ó fi bíi 6 kún un. Àpapọ̀ 54. Kọmpíréṣàn wọn ti di 8.3!

“Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀,” ni wọ́n wí. “Agbára ni mo ń wá.”

Ó ṣòro láti kọ̀ sí ẹ̀gbọ́n lẹ́nu nínú ilé ara wọn, ṣùgbọ́n a kọ̀. Mọ́tò kì í pẹ́ lórí agbára rẹ̀ kíkún. Bàálù ń lò ó láti ilẹ̀ títí yóò fi gòkè, nínú oòrùn oṣù keje Georgia, epo ilé epo lásán ni wọ́n sì fẹ́ máa rà. Bí ooru bá pọ̀ jù, epo tí iná kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ á bú gbàmù fúnra rẹ̀. Nínú mọ́tò, a ó gbọ́ kò-kò-kò, a ó gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ́tù. (Kì í ṣe nọ́ọ̀kì ti Èkó, tí ẹ́ńjìnnì ti kú tán.) Lókè, ariwo abẹ̀bẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀, ìgbà tí písítìn bá lu la ó mọ̀. Èrè ibẹ̀ ńkọ́? Bí agbára ẹṣin méjì nínú 60.

Ìyàwó wọn bèèrè lẹ́nu ọ̀nà pé ẹni mélòó ni bàálù náà yóò gbà. Wọ́n ní ẹnì kan.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọn kò fi pè wá. Nígbà tí a padà débẹ̀, wọ́n ti ra òrùka pẹlẹbẹ tí a ń tẹ́ sábẹ́ sílíńdà, mílímítà 1.2, tó ń fi 7 cc kún àyè náà. Àwọn kan ní ó sàn kí a gbẹ́ hẹ́ẹ̀dì fúnra rẹ̀, kí písítìn má baà jìnnà sí i. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n a kò ní irinṣẹ́ rẹ̀. Gígùn ọ̀pá tó ń ti fáàfù nìkan la tún yẹ̀ wò.

“Ẹ wọ̀n ọ́n lójú mi,” ni wọ́n wí. A wọ̀n ọ́n: 61, 61, 61, 60 àti ààbọ̀. Ìyàwó wọn ló di tọ́ọ̀ṣì mú.