Omi Inú Ọkọ̀

Bàbá mi ti ń tún ọkọ̀ ṣe n'Íbàdàn kí wọ́n tó bí mi. Ṣọ́ọ̀bù wọn ò jìnnà sí Gate, níbi tí wọ́n ti ń ta páàtì. Bí wọ́n bá gbé ọkọ̀ tó ń gbóná jù wá bá wọn, ohun méjì ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ ṣe: wọ́n á bu omi sí rédíétọ̀, wọ́n á sì yọ thermostat rẹ̀ dànù. Ẹni tó bá ti gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì nílé rí mọ nǹkan tí mò ń wí. Ó máa ń ṣiṣẹ́. Inú ìmọ̀ yẹn ni mo dàgbà sí, mi ò sì bèèrè ìdí rẹ̀ rí.

Nígbà tí ọkọ̀ mi gbóná lójú títì márosẹ̀ ní Chicago, lóṣù kẹjọ ọdún 2018, bàbá mi náà ni mo pè. Ọkọ̀ ọdún 2001 ni, mo rà á ní owó pọ́ọ́kú kí n lè máa fi lọ síbi iṣẹ́ alẹ́ mi nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Hóòsì kan ló ń jò. Bàbá ṣàlàyé lórí fóònù bí mo ṣe máa dè é. Wọ́n ní kí n jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù kí n tó ṣí ìdérí rédíétọ̀, kí omi gbígbóná má bàa bó mi lójú. Wọ́n wá ní, "Bu omi sí i, kí o yọ thermostat yẹn jù nù. Kí lo fẹ́ fi ṣe?" Mo ṣe bí wọ́n ṣe wí. Ọkọ̀ ò gbóná mọ́. Inú mi dùn, ṣùgbọ́n inú tiwọn dùn ju tèmi lọ: ọmọ wọn wà lókè òkun, síbẹ̀ ọwọ́ wọn ṣì tó ọkọ̀ rẹ̀.

Nígbà tó fi máa di oṣù kọkànlá, òtútù ti wọlé. Mo tan hítà, atẹ́gùn tútù ló ń fẹ́ jáde. Mo wakọ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú, ọwọ́ tó ń fi ìwọ̀n ooru ẹ́ńjìnnì hàn ò kúrò nísàlẹ̀. Èémí mi ń di yìnyín sára gíláàsì láti inú, mo wá ń fi káàdì báńkì ha á bí ẹni ń ha ìdí ìkòkò. Mo wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì lé ara wọn, mo ní mo lè fara dà á. Ṣùgbọ́n ìyàwó mi wà nínú oyún, oṣù kìíní ni dókítà dá fún un. Èmi lè fara dà á o. Ọmọ ọjọ́ méjì ńkọ́?

Bọ̀dá kan wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ọmọ Ẹdẹ, tó ti wa takisí ní Chicago fún ogún ọdún. Mo gbé ọkọ̀ lọ bá wọn lọ́jọ́ Sátidé kan. Wọ́n fọwọ́ kan hóòsì yìí, wọ́n fọwọ́ kan tọ̀hún, wọ́n wá wò mí lójú.

"Ta ló yọ thermostat ọkọ̀ yìí?"

Mo ní, "Ẹni tí mo rà á lọ́wọ́ rẹ̀ ni, sà."

Bí irọ́ yẹn ṣe yára jáde lẹ́nu mi ya èmi gan-an lẹ́nu.

Bọ̀dá ní, "Ẹni yẹn ò fẹ́ràn rẹ." Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn korò lọ́fun mi.

Wọ́n fi nǹkan kékeré kan tó ní bọ́ọ̀lù wẹ́wẹ́ nínú fa omi rédíétọ̀ wò. Kò sí bọ́ọ̀lù kankan tó léfòó. "Omi lásán! Ṣé o mọ̀ pé tí omi bá di yìnyín, ńṣe ló máa ń wú?" Ó máa ń fi nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i. Tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ẹ́ńjìnnì, irin fúnra rẹ̀ lè là, ìyẹn náà ló sì parí ayé ọkọ̀ náà.

Ọjọ́ yẹn ni mo tó mọ̀ pé hítà ò ní iná tirẹ̀. Ooru ẹ́ńjìnnì ló ń yá lò. Omi gbígbóná láti inú ẹ́ńjìnnì máa ń gba inú rédíétọ̀ kékeré kan lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù, fáànù á wá fẹ́ ooru yẹn sí wa lára. Iṣẹ́ thermostat ni kó sé ọ̀nà rédíétọ̀ ńlá títí ẹ́ńjìnnì á fi gbóná dáadáa. Tí kò bá sí níbẹ̀, omi á máa sáré lọ síwájú ọkọ̀, níbi tí atẹ́gùn yìnyín ti ń dúró dè é. Ẹ́ńjìnnì ò ní gbóná tó, hítà ò sì ní rí nǹkan yá. N'Íbàdàn, ta ló ń tan hítà?

A ra thermostat tuntun. A tú omi ọkọ̀ sínú ike, a fi hóòsì fọ rédíétọ̀ kékeré yẹn. Omi pupa bí omi ẹrẹ̀ ló jáde, torí omi lásán máa ń jẹ́ kí irin dípẹtà. A wá po antifreeze mọ́ omi, ìlàjì-ìlàjì. Bọ̀dá ní àdàlù yẹn ò ní dì títí òtútù á fi tó nǹkan bí ìwọ̀n 37 lábẹ́ òdo ní Celsius. Wọ́n tún kìlọ̀ pé kí n má jẹ́ kó dà sílẹ̀: ó dùn lẹ́nu, májèlé sì ni, ajá tó bá lá a lè kú. A gbé imú ọkọ̀ sókè, a tan ẹ́ńjìnnì àti hítà, a jẹ́ kí atẹ́gùn inú omi hó jáde tán. Nígbà tó yá, ooru dé. Mo gbé ọwọ́ síbẹ̀, mi ò lè sọ̀rọ̀.

Ìyàwó mi bí ọmọbìnrin ní ọjọ́ 28 oṣù kìíní. Ọjọ́ 30 ni wọ́n ní ká máa lọ sílé. Ẹni tó bá wà ní Chicago lọ́dún 2019 á rántí ọjọ́ yẹn: ìwọ̀n 31 lábẹ́ òdo, wọ́n ti àwọn iléèwé pa. Òtútù máa ń gba agbára lọ́wọ́ bátìrì, nítorí náà mo ti tú tèmi lálẹ́, mo gbé e wọlé bí àlejò. Láàárọ̀, mo dá a padà, mo gbọ́n yìnyín kúrò lẹ́nu sàlẹ́ńsà kí èéfín má bàa padà sínú ọkọ̀, mo yí kọ́kọ́rọ́. Ó kérora, ó tún kérora, ó jí.

Nọ́ọ̀sì ní a ò gbọdọ̀ wọ kóòtù tó nípọn fún ọmọ lábẹ́ bẹ́líìtì àga rẹ̀, torí bẹ́líìtì ò ní lè dì í mú dáadáa. Bùláńkẹ́ẹ̀tì la máa fi bò ó láti òkè. Ìyẹn ni pé hítà yẹn ni kóòtù ọmọ mi.

Nígbà tá a délé, mo pe bàbá mi lórí fídíò. Wọ́n wo ọmọ, wọ́n súre títí. Wọ́n wá bèèrè pé, "Ooru wà nínú ọkọ̀ yẹn?" Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn.

Wọ́n dákẹ́. Mo ń gbọ́ ìró hámà láti ṣọ́ọ̀bù.

"Èmi ni mo fẹ́ ba ọkọ̀ rẹ jẹ́, àbí?"

"Rárá, sà. Ẹ̀yin lẹ gbé e dé oṣù kọkànlá."

"Kí lo sọ fún ẹni tó bá ọ tún un ṣe?"

Mo jẹ́wọ́. Bàbá rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń wúkọ́. "Padà lọ bá a. Sọ fún un pé bàbá rẹ ni. Sọ fún un pé bàbá rẹ ò mọ òtútù, ṣùgbọ́n ó mọ ọkọ̀."

Mo sọ ọ́ fún Bọ̀dá lọ́jọ́ Sunday tó tẹ̀ lé e. Wọ́n mi orí, wọ́n ní, "Èmi náà yọ tèmi lọ́dún tí mo dé."

Láti ìgbà náà, tí oṣù kẹwàá bá ti wọlé, bàbá mi á pè mí. "Ṣé o ti wo omi yẹn?" Mo ti sọ fún wọn pé kì í ṣe omi. Omi náà ni wọ́n ṣì ń pè é. Mo máa ń ní, "Mo ti wò ó, sà." Tí mi ò bá tíì wò ó, mo máa ń fi fóònù sílẹ̀, mo sì máa ń jáde lọ wò ó.