Akẹ́kọ̀ọ́ Àtilé-wá

Ọ̀rọ̀ kan ni mo ń wá, ìtìjú ara mi ló sì gbé mi dé ìdí rẹ̀.

Agogo mẹ́jọ òwúrọ̀ ni mo máa ń kọ́ni ní ìmọ̀ ìró èdè nígbà náà. Bí ó bá ti lù, n ó ti ilẹ̀kùn. Ọmọbìnrin kan sábà máa ń bá a ní títì. Mo kà á sí ọ̀lẹ. Nígbà tí mo bi í léèrè, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, sà. Ìsàlẹ̀ Èkó ni mo ti ń wá." Mo fèsì pé èmi náà kì í sùn sínú kíláàsì. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí títí di òní.

Mo tún wá fi ìdánwò kékeré kan sí ọjọ́ Sátidé, 20 oṣù Karùn-ún, 2017. Ọjọ́ náà ni Adámú Òrìṣà jáde ní Erékùṣù Èkó, nígbà àjọ̀dún 50 ọdún ìpínlẹ̀ náà. Ta ni kò mọ̀ pé bí Ẹ̀yọ̀ bá jáde, ọkọ̀ kì í rí ọ̀nà gbà ní Ìdúmọ̀tà? Èmi olùkọ́ èdè àti àṣà ni kò rántí. Láti alẹ́ Jímọ̀ ni ọmọ náà ti lọ sùn lọ́dọ̀ ìbátan rẹ̀ kan ní Mushin kí ó má bàa pàdánù ìdánwò mi.

Ìyẹn ló mú kí n lọ sùn lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ mi kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú kan. Bí wọ́n ti pe ìrun àsùbáà, mo jáde. Ní Ìdúmọ̀tà, àwọn alárù ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Èrò sì ti ń jà sí dáńfó. Orí afárá Carter ni a ti bá súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Agogo mẹ́jọ kọjá ogún ìṣẹ́jú ni mo dé ẹnu ilẹ̀kùn tí mo máa ń tì.

Irú wọn kò kéré. Láìsí ilé ìgbé akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n dá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní Òjó ní 1983. Ní Akọkà tí ilé ìgbé wà, bí ẹní ṣẹ́ kèké ni wọ́n ṣe ń pín bẹ́ẹ̀dì. Láti oṣù Kẹsàn-án, 2023 ni ọkọ̀ ojú irin ti ń gbé èrò láti Marina dé Mile 2, kìlómítà 13. Ó dùn mọ́ wa, ṣùgbọ́n owó ọkọ̀ ìgboro ti fò sókè láti ìgbà tí ìjọba ti yọ ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún ọdún kan náà. Nígbà tí NELFUND bẹ̀rẹ̀ sí í yá akẹ́kọ̀ọ́ ní 20,000 náírà lóṣù ní 2024, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó bá gbèsè ọkọ̀ nílẹ̀.

Mo ti rò pé owó nìkan ni ìṣòro wọn. Àwọn ni wọ́n là mí lójú. Bí kíláàsì bá parí ní agogo mẹ́wàá, tí òmíràn sì di agogo mẹ́rin, ẹni tó ń gbé inú ọgbà yóò lọ sè, yóò sùn. Orí àtẹ̀gùn ni àwọn yòókù ń jókòó sí pẹ̀lú ẹrù lọ́wọ́. Bí olùkọ́ kò bá ní wá, ẹnu ọ̀nà kíláàsì ni wọ́n ti ń gbọ́. Mo sún kíláàsì mi sí agogo mẹ́wàá. Ẹni tí kò bá ní wá lára wa, kí aago márùn-ún ìdájí tó lù ni yóò fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́. A kó ẹrù kúrò nínú yàrá kan, a fi bẹ́ǹṣì sí i, àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́, àti ibi tí wọ́n ti lè fi iná sí fóònù. Mo bẹ̀bẹ̀ kí a kó gbogbo kíláàsì wọn sí ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kò gbà, mo sì ń bẹ̀ wọ́n lọ.

Ọ̀rọ̀ wo ni a ó wá máa fi pè wọ́n? A ní àtọ̀húnrìnwá, ṣùgbọ́n àjèjì ni ìyẹn, ọmọ tí ìdílé rẹ̀ kò jìnnà sí Ìgà Ìdúngànràn láti ìran dé ìran kì í sì í ṣe àjèjì ní Èkó, àfi nínú ọgbà wa. Mo wá ṣẹ̀dá "akẹ́kọ̀ọ́ àtilé-wá". Inú mi dùn sí i, mo fi han ọmọbìnrin náà, ẹni tí ó ti gboyè báyìí. Ó rẹ́rìn-ín.

"Ó dára, sà. Ṣùgbọ́n ẹ ò fi ìpadàsílé wa sí i."

Mo ṣì ń wá a.